Pílásítà Ojú Ọ̀mọ̀wé

Nínú ọdún mọ́kànlá tí Ìyá Òǹtẹ̀ fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ eré àwòrán, àṣìṣe kan ṣoṣo ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, pílásítà sì ni. Kò ju èékánná ọmọ kékeré lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un ṣáájú pé ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ló máa tú àṣírí òun, ì bá ní kí onítọ̀hún lọ wá iṣẹ́ ṣe.

Ìyá Òǹtẹ̀ kì í yàwòrán, kì í kun ọ̀dà, kò sì sí ohùn rẹ̀ nínú eré náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jókòó sí yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, kó tan iná tábìlì, kó gbé àwòrán òní sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán àná, kó wo bóyá bọ́tìnnì mẹ́ta ni ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ kan ní lánàá tó wá di mẹ́rin lónìí. Bí ife tíì bá wà lápá òsì tábìlì nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, tó wá wà lápá ọ̀tún nígbà tí wọ́n tì í, òun ni yóò dá a padà. Tí gbogbo rẹ̀ bá gún régé, á mú òǹtẹ̀ onígi rẹ̀, á tẹ "Ó PÉ" sí igun ìwé, á sì fọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Àwòrán tí kò bá ní òǹtẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń pè é ní Ìyá Òǹtẹ̀, títí kan ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́.

Eré náà dá lórí ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀mọ̀wé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, orí rẹ̀ tóbi, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Kò sí ohun tí kò mọ̀. Bí tíṣà bá béèrè ìbéèrè, á dáhùn. Bí tíṣà ò bá béèrè, á ṣì dáhùn. Ọ̀sẹ̀ kì í kọjá kí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan, Gìrìpá, má gbé e sọ sínú garawa ìdọ̀tí. Awò á fọ́, aṣọ á ya, àwọn ọmọ tó ń wò ó nílé á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó ṣẹ́jú pẹ́, awò ti di odindi padà, aṣọ ti rí bó ṣe máa ń rí. Òfin ni. Ọ̀gá ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára ògiri: KÍ GBOGBO NǸKAN PADÀ SÍPÒ KÍ ERÉ TÓ PARÍ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Nínú ìpín kan, Gìrìpá gbá ìdérí tábìlì ìkàwé mọ́ Ọ̀mọ̀wé lójú, irú tábìlì tí wọ́n máa ń ṣí sókè láti kó ìwé sínú rẹ̀. Ayàwòrán àgbà wá lẹ pílásítà pẹlẹbẹ kan mọ́ òkè ojú ọ̀tún ọmọ náà. Ó yẹ kí pílásítà yẹn ti kúrò kí ọmọ tó délé. Kò kúrò. Ọmọ náà jẹun pẹ̀lú pílásítà, ó fọ eyín pẹ̀lú pílásítà, ó sì sùn. Ìyá Òǹtẹ̀ yẹ gbogbo ìwé náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ òǹtẹ̀ sí gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìpín tó tẹ̀ lé e, ojú tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n ń wò yà, pílásítà bá wọn dé ibẹ̀. Ó tún tẹ òǹtẹ̀ síyẹn náà. Àbámẹ́ta méjì léraléra ni eré náà jáde bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ní ọjọ́ Ajé, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbé àpò lẹ́tà méjì wọlé. Ilé iṣẹ́ náà kì í rí ju lẹ́tà mẹ́rin gbà lọ́sẹ̀, mẹ́ta níbẹ̀ á sì jẹ́ ti àwọn tó ń wáṣẹ́. Ọmọdé ló kọ gbogbo èyí. Ọ̀kan béèrè pé ṣé ó ṣì ń dun Ọ̀mọ̀wé. Ọ̀kan fẹ́ mọ ẹni tó bá a fọ egbò náà, nítorí òun ti wo eré náà dáadáa, òun ò rí ibi tí ìyá rẹ̀ ti fọ̀ ọ́. Ọ̀kan fi pílásítà tuntun sínú lẹ́tà rẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ pààrọ̀ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ti dọ̀tí. Fún ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń ju ọmọ yẹn sínú garawa, kò sẹ́ni tó kọ̀wé béèrè àlàáfíà rẹ̀ rí.

Ọ̀gá pe ìpàdé. Ọkùnrin tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún ni, pẹ́ńsù kì í kúrò létí rẹ̀, òun ló sì dá eré náà sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ má da ara yín láàmú," ó ní. "Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Nínú ìpín tó ń bọ̀, ojú ẹ̀ á mọ́ tónítóní. Ẹ bá wa tẹ òǹtẹ̀ sí ojú tuntun yẹn kó tó di ọ̀sán Ẹtì, ọ̀rọ̀ bùṣe."

"Egbò kì í ṣe ife tíì, Ọ̀gá," ni Ìyá Òǹtẹ̀ dáhùn. "Wọ́n ti rí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá máa lọ, ẹ jẹ́ kó san lọ. Ọjọ́ mélòó ni egbò òkè ojú fi ń san?"

Ìbéèrè yẹn ló ba ìpàdé jẹ́. Ọ̀gá ní ọjọ́ mẹ́ta, òun mọ̀ torí wọ́n ṣe é fún òun rí níléèwé. Ọlọ́dà, obìnrin tó ń kun àwòrán, tí òun àti Ìyá Òǹtẹ̀ jọ ń jẹun ọ̀sán láti ọdún mọ́kànlá yìí wá, ní oṣù kan gbáko ni, wọ́n ti òun mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù nígbà kan, òun ò lè gbàgbé. Ayàwòrán àgbà ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó fi àpá kan hàn wọ́n tó jọ ti abẹ́rẹ́ àjẹsára pátápátá, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun nìyẹn. Ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ nípa ilé iṣẹ́ yìí ni pé kò sẹ́ni tí kì í ṣe Ọ̀mọ̀wé nígbà èwe rẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n lù, gbogbo wọn ni wọ́n jù sínú nǹkan. Téèyàn bá fetí sí wọn fún ọjọ́ kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ta ló ṣẹ́ kù láyé tó ń rí àyè lu èèyàn.

Ìyá Òǹtẹ̀ nìkan ni kì í bá wọn dá sí i. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá délẹ̀, á gbé ife tíì rẹ̀, á máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbà pé tirẹ̀ ló burú jù, pé ó dùn ún kọjá sísọ, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un nítorí rẹ̀.

"Ẹ̀yin Ọ̀mọ̀wé mà pọ̀ o," ó ní lọ́jọ́ yẹn, ó gbé ife kalẹ̀. "Gìrìpá ńkọ́? Ta ni Gìrìpá nínú yín?"

Ó fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀.

"Èmi nìyí."

Ọlọ́dà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ fẹ́ràn àwàdà jù."

"Mi ò ṣàwàdà." Ó sọ ìyókù bó ṣe máa ń sọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. "Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà yẹn. Tíṣà bi mí ní mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ, mo ní mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ọmọbìnrin tó jókòó síwájú mi ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Aláwò la máa ń pè é. Gbogbo kíláàsì fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, ó ki orí bọ tábìlì rẹ̀, ó ń wá pẹ́ńsù. Mo gbá ìdérí rẹ̀ mọ́ ọn lójú. Awò ẹ̀ fọ́, ẹ̀jẹ̀ dà, wọ́n lẹ pílásítà fún un. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn nìkan ni mo ṣe é ní nǹkan. Ọjọ́ yẹn ló burú jù."

"Ọjọ́ mélòó ló wá fi san?" ni Ọ̀gá béèrè, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn tún lè béèrè.

"Mi ò mọ̀. Mi ò wo ojú ẹ̀ mọ́ títí tá a fi kó kúrò ládùúgbò yẹn. Ẹ̀yìn orí ẹ̀ ni mo mọ̀. Ẹ fún mi ní pẹ́ńsù báyìí, mo lè yà á fún yín."

Kò sẹ́ni tó fún un ní pẹ́ńsù. Ìpàdé túká láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kó túká.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn Ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ̀san. Ìyá Òǹtẹ̀ wá òǹtẹ̀ rẹ̀ títí, ó bá a nísàlẹ̀ garawa ìdọ̀tí, lábẹ́ ewé tíì tútù àti èépá pẹ́ńsù. Ẹnì kan ti ya Gìrìpá sára ilẹ̀kùn rẹ̀, ó wé gèlè fún un, ó fi yẹtí Ìyá Òǹtẹ̀ sí i létí. Ó dúró, ó wò ó dáadáa, ó rí i pé òkúta mẹ́ta ni wọ́n yà sára yẹtí tó ní méjì, ó mú pẹ́ńsù pupa, ó tún un ṣe, ó wọlé. Lọ́sàn-án, Ọlọ́dà gbé oúnjẹ tirẹ̀ lọ sí tábìlì kejì, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní àwọn ò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, ẹ̀tọ́ àwọn ni àwọn ń ṣe. Ó dun Ìyá Òǹtẹ̀ wọra. Ó tún rí i pé òun ò ní ẹnu tí òun máa fi sọ ọ́.

Nírọ̀lẹ́, Ọ̀gá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Ìyá, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n a ò lè fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ̀rín là ń tà. Ẹ mú ẹ̀rí wá fún mi lórí egbò yìí kó tó di ọ̀sán Ẹtì, tàbí kẹ́ ẹ tẹ òǹtẹ̀ sí ojú mímọ́. Tí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, màá ní láti wá ẹlòmíì tó máa mú òǹtẹ̀ yẹn dání."

Àwọn méjì péré ló kù nílé Ìyá Òǹtẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ti lọ sílé ara wọn. Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ni ọkọ yìí, ìka mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ ló ní. Alẹ́ ọjọ́ náà, bí ìyàwó ṣe ń fọ abọ́ ni ọkọ ń nù ún.

"Bàbá, ọjọ́ mélòó ni ìka yín fi san?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ló dé?"

Ó sọ fún un, láti orí mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ títí dé orí òǹtẹ̀ inú garawa. Ọkùnrin náà nu abọ́ kan tó ti gbẹ tipẹ́.

"Ibo ni Aláwò yìí wà báyìí?"

"Òun ni obìnrin tó ń tún aago ṣe nísàlẹ̀ títì wa."

Ọkọ rẹ̀ wo ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. "Ṣé ìdí nìyí tó o fi ní kí n máa gbé aago mi lọ sí òpin ìlú ní gbogbo ìgbà tó bá ti kú?"

"Ìdí nìyẹn."

"Láti ọdún mélòó?"

"Mẹ́tàlélógún."

"Ọkọ̀ méjì ni mo máa ń wọ̀," ó ní. Ó gbé abọ́ náà sípò, ó mú òmíràn. "Wọ́n ní bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé. O fẹ́ mọ ọjọ́ tí egbò fi ń san, o wá ń bi mí. Lọ bi ẹni tó kó o."

Ọjọ́bọ̀ ló lọ. Ṣọ́ọ̀bù náà tín-ín-rín, gíláàsì ni gbogbo iwájú rẹ̀, aago sì kún ara ògiri láti òkè délẹ̀, kò sí méjì nínú wọn tí wọ́n sọ ohun kan náà. Obìnrin olórí funfun kan tẹ̀ sórí tábìlì, ó fi awò aláago há ojú òsì, ó ń fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ gbé súkúrù kan tí kò ju ẹyin èèrà lọ.

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́," ó ní láì gbójú sókè. "Mo ń dá yín lóhùn."

Ìyá Òǹtẹ̀ jókòó. Súkúrù wọlé, obìnrin náà dé ẹ̀yìn aago, ó wá gbórí sókè.

"Áà," ó ní. "Ìwọ ni."

"O mọ̀ mí?"

"Ọdún mẹ́tàlélógún lo ti ń sá gba òdìkejì títì kọjá níbí. Gíláàsì ni iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Kí ni mo fẹ́ máa wò, bí kì í bá ṣe títì?"

Ìyá Òǹtẹ̀ ti to ọ̀rọ̀ kalẹ̀ látilé. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà sá lọ. Ó yọ bébà tí wọ́n ya ojú Ọ̀mọ̀wé sí jáde nínú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì. "Iṣẹ́ ló gbé mi wá," ó ní, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pílásítà, lẹ́tà àwọn ọmọdé, àti ọjọ́ Ẹtì.

Aláago náà fa bébà náà mọ́ra. "Mo mọ eré yìí. Ọmọ-ọmọ mi máa ń wò ó." Ó wò ó síwájú sí i. "Ẹ ṣì í lẹ̀. Òsì ni."

"Ọ̀tún ni mo rántí."

Obìnrin náà yọ awò aláago kúrò lójú. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè ojú òsì rẹ̀, níbi tí irun ojú ti pín sí méjì tí kò padé mọ́. Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ọdún méjìlélógójì ni Ìyá Òǹtẹ̀ ti ń káàánú ojú tí nǹkan kan ò ṣe.

"Ọjọ́ mélòó ló fi san?" ó béèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mọ́kànlá. Ọjọ́ kẹta ló wú jù. Ọjọ́ karùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo ṣí pílásítà, ọjọ́ kọkànlá ni èépá ré." Ó dúró títí Ìyá Òǹtẹ̀ fi kọ ọ́ tán. "Awò ńkọ́?"

"Awò?"

"Ojú mi lò ń bi mí, o ò bi mí ní awò. Oṣù mẹ́rin. Irú èyí tí mo ń lò ò sí nítòsí, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé lọ síbi tó jìnnà kí wọ́n tó gé e. Mo sọ fún bàbá mi pé mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn ni."

"Oṣù mẹ́rin lo fi wà láìní awò?"

"Ẹ̀yìn mi lo jókòó sí. Ṣé o ò rí i pé kò sí nǹkan létí mi ni?"

Ìyá Òǹtẹ̀ tó ń rí bọ́tìnnì kẹrin lára ṣẹ́ẹ̀tì, òun tó lè ya ẹ̀yìn orí yẹn láìwòwé, kò rí i. Kò tiẹ̀ wá a rí.

"Tíṣà á kọ nǹkan sójú pátákó, á ní kí n dìde kí n dáhùn," ni aláago náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, bí ẹni tó ń ka ohun tó ṣe aago oníbàárà. "Èéfín lásán ni mo ń rí. Màá dìde, màá ní: mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní kí n jókòó."

"Kí ló dé tó ò fi sọ pé o ò rí i?"

"Wọ́n á béèrè pé awò mi dà. Ìwọ sì wà lẹ́yìn mi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ nu ẹ̀mú rẹ̀. "Ipò kejìdínlógún ni mo gbà ní sáà yẹn. Ta ló gba ipò kìíní?"

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ìyá Òǹtẹ̀ gba ipò kìíní láyé rẹ̀. Ó ti fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé bí òun ṣe gbájú mọ́ ìwé lọ́dún yẹn nìyẹn, pé ọpọlọ wà, ìfaradà ni kò sí fún wọn.

"Èmi ni."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ bóyá o rántí."

Ìyá Òǹtẹ̀ wo ṣọ́ọ̀bù náà yíká. Ó ń wá ibi tí òun ti ba ayé obìnrin yìí jẹ́, kò rí i. Ilẹ̀ mọ́, àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ wà lára ògiri, tábìlì náà jẹ́ ti ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Lẹ́yìn ìyẹn awò dé, mo gba ipò mi padà. Ẹ ti kó lọ nígbà yẹn."

"Dárí jì mí."

Aláago gbójú sókè. "Ṣé fún eré yín nìyẹn?"

"Rárá o. Èmi ni mò ń bẹ̀ ọ́."

Obìnrin náà dá awò aláago padà sójú òsì. "Mo ti gbọ́," ó ní.

Ìyá Òǹtẹ̀ dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù. Ọkùnrin kan gbé aago ògiri wọlé, ó ń ráhùn pé ó ń sáré jù, aláago sì ní kó jókòó. Ìyá Òǹtẹ̀ ká bébà rẹ̀, ó jáde, ó rìn níwájú gíláàsì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin.

Láàárọ̀ Ẹtì, ó tẹ́ ìwé méjì síwájú Ọ̀gá. Ojú mímọ́ wà lórí ọ̀kan, kò sí òǹtẹ̀ lára rẹ̀. Lórí èkejì, ó kọ ọ́ pé: egbò, ojú òsì kì í ṣe ọ̀tún, ọjọ́ mọ́kànlá. Awò ojú, fífọ́, ìpín mẹ́rìndínlógún.

Ọ̀gá ka ti egbò, ó mi orí. Ó ka ti awò, pẹ́ńsù já bọ́ létí rẹ̀. "Ìpín mẹ́rìndínlógún! Ọmọ tó mọ gbogbo nǹkan, kó má lè ka pátákó fún oṣù mẹ́rin? Níbo ni ẹ̀rín wà níbẹ̀, Ìyá?"

"Kò sí."

"Eré ẹlẹ́rìn-ín là ń ṣe."

"Mo mọ̀. Tí awò bá ti padà kí èèyàn tó ṣẹ́jú, wọn ò tíì fìyà jẹ ẹ́, ó kàn ṣubú ni." Ó gbé òǹtẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé ojú mímọ́. "Tó bá jẹ́ èyí lẹ fẹ́, òǹtẹ̀ rèé, ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí abẹ́ ẹ̀ pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà. Èmi ò lè fọwọ́ sí i."

Ọ̀gá mú òǹtẹ̀, ó tì í bọ inú yíǹkì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè ìwé náà.

"Ẹni tẹ́ ẹ lọ bá," ó ní, "kí ló sọ fún àwọn ará ilé ẹ̀?"

"Ó ní òun ṣubú lórí àtẹ̀gùn."

Nínú gbogbo Ọ̀mọ̀wé ilé iṣẹ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ọ̀gá nìkan ni òótọ́. "Èmi sọ fún ìyá mi pé bọ́ọ̀lù ló bà mí," ó ní. Ó gbé òǹtẹ̀ náà kalẹ̀ lórí tábìlì. "Ìpín kan, Ìyá. Tí àwọn ọmọdé bá kọ̀wé pé kò pa àwọn lẹ́rìn-ín mọ́, ẹ̀yin àti egbò yín lẹ jọ máa lọ."

"Mo gbà," ni Ìyá Òǹtẹ̀ wí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n gba ohùn sílẹ̀, torí pé nílé iṣẹ́ yẹn, ohùn ló máa ń ṣáájú àwòrán. Olóhùn, obìnrin tó ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, òun ló ń fi ohùn rẹ̀ ṣe Ọ̀mọ̀wé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dúró sínú yàrá kékeré onígíláàsì, ó gbé ìwé sójú, ó ń ka ohun tí Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Tíṣà tọ́ka sí pátákó. Tíṣà ní kí Ọ̀mọ̀wé dáhùn. Olóhùn dúró, ó yẹ ìwé náà wò bóyá ti ẹlòmíì ni wọ́n gbé fún òun.

"Ẹ gbọ́," ó ní sínú makirofóònù. "'Mi ò mọ̀ ọ́n' ni wọ́n kọ síbí. Láti ọdún mọ́kànlá, ọmọ yìí ò sọ ọ́ rí, mi ò tiẹ̀ mọ bó ṣe máa dún lẹ́nu ẹ̀. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́? Ṣé kí n sọ ọ́ bí olódo?"

Gbogbo wọn wo Ọ̀gá. Ọ̀gá wo Ìyá Òǹtẹ̀. Ìyá Òǹtẹ̀ tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń bá inú yàrá náà sọ̀rọ̀, ó tú u sílẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Rárá," ó ní. "Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n."